Ráàpù ní JSS 2, àti sípíkà tó jẹ owó mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, torí ó ṣì ń dùn mí: ₦32,000. Òun ni mo fi ra sípíkà alábátìrì kan ní Òṣogbo níbí, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi ọmọ ẹ̀ búra pé yóò kọrin fún wákàtí mẹ́jọ láìsí iná. Ìṣẹ́jú 22 ló lò. Mo wo aago.

Tíṣà orin ni mí. Ọmọ 48 ló wà ní JSS 2 tí mò ń kọ́. Fèrè mẹ́fà la ní, àti dùùrù kan tí eku ti jẹ wáyà ẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, torí wọ́n ti mọ dò-rè-mí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn yòókù á jókòó bí ẹni tó wá wòran. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó máa ń kólòlò. Odindi ọdún kan, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tún dé láti Okene, ọmọ Ẹ̀bìrà, Yorùbá ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí tí mo fi mú hip-hop, orin tí wọ́n ti ń ṣe ráàpù, nìyẹn: kò bèèrè dùùrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún wọn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Bronx, ní New York, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, tí Cindy Campbell ṣe pátí kó lè rí owó ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ síléèwé, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Kool Herc, sì ń bá a gbé àwo orin sí i. Ọ̀rọ̀ aṣọ iléèwé yẹn ló wọ̀ wọ́n lára jù. Ọ̀gá wa ní ṣé orin àwọn ọmọ ìta ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mo ní, "Mà, rárà ńkọ́? Ẹ̀sà ńkọ́?" Wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ́ kí wọ́n sọ ìsọkúsọ.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Bíìtì, ìlù tí wọ́n ń ráàpù lé, ló dá mi dúró.

Bíìtì ọ̀fẹ́ tí mo kọ́kọ́ dáńlóòdù lórí YouTube, ohùn obìnrin kan wà nínú ẹ̀ tó ń sọ orúkọ ẹni tó ṣe é wúyẹ́wúyẹ́, ní gbogbo ìgbà. Kí n tó kọ́ wọn ní nǹkan kan, gbogbo ọmọ 48 ti mọ orúkọ yẹn, wọ́n sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ síra wọn títí dé kíláàsì mátíìsì. Èkejì yá jù, ọ̀rọ̀ Yorùbá ń gun ara wọn lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta tó nǹkan bí 90 lílù ní ìṣẹ́jú kan, ó bá wọn lẹ́nu mu. Mo ní mo ti dé. Ibẹ̀ ni sípíkà kú sí.

Mo gbé e padà. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ dìde: "Ọ̀gá tíṣà, ẹ ò jẹ́ kó kún ni." Iná ò sí nílé mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Ọláìyá, mo san ₦300, ó sùn síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 19. Mo tún padà lọ. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Ni mo bá gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Fíà. Ó tú ìdí ẹ̀. Bátìrì inú ẹ̀ ò ju ìka mi lọ, wọ́n wá po símẹ́ńtì há ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á. Onírédíò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó gba ₦1,000 lé ẹ̀rín yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfo, inú ń bí mi, mo ti fẹ́ ní kí wọ́n ṣí ìwé. Ni ọmọkùnrin kan bá fi pẹ́ńsù méjì bẹ̀rẹ̀ sí í lu gúdúgúdú lórí tábìlì. Ilé àyàn ni wọ́n ti bí i. Mo ní kí ìdajì kíláàsì fẹsẹ̀ gba ìlù kìíní àti ẹ̀kẹta, kí ìdajì yòókù pàtẹ́wọ́ sí èkejì àti ẹ̀kẹrin. Bíìtì dé, láìsí dátà, láìsí ìyá oníwúyẹ́wúyẹ́.

Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, ṣùgbọ́n bó bá yẹ̀, gbogbo ìlù ti yẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń kólòlò ló tọrọ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń lù ú láìsọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń lù ú lọ, ó kàn la ẹnu, ó ki oríkì ilé wọn, ìlà mẹ́rin, ọ̀kankan ò há a lọ́fun. Nígbà tó jókòó tí mo bi í bó ṣe rí lára ẹ̀, ó kólòlò dáhùn bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò pè é ní ìwòsàn o. Àmọ́ àwọn ọmọ kọ́yà ń bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ àwọn náà.

Ohun kan tí mi ò fura sí tẹ́lẹ̀: nínú ráàpù, ohùn ọ̀rọ̀ máa ń dúró sáyè ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wa, tí ọkọ̀ á di ọkọ́. Ráàpù ò ní irú ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n ń gbé e lé ìlù. Àwọn kan kọ́kọ́ ń fa ahọ́n bí ará Amẹ́ríkà. Mo rán wọn létí pé Yorùbá ni Dagrin, olóráàpù yẹn, fi gbajúmọ̀. Ọmọ Ẹ̀bìrà yẹn kọ tiẹ̀ ní èdè ìyá ẹ̀, àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló ń bẹ̀ ẹ́ kó túmọ̀.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé mo ní kí wọ́n kọ ìlà 16, torí bí àwọn olórin ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọmọ méje péré ló parí. Mẹ́rin ti tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ wá ọmọ onílù nínú kíláàsì yín kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Sípíkà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Òun la fi ń dá ilẹ̀kùn dúró bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ó wúwo dáadáa.