Ohun Tó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Kọ́ńtírákì ní Èkó Máa Yẹ̀ Wò Bí Ilé-iṣẹ́ Alágbàtà Bá Ń San Owó-oṣù Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó fún oníbàárà ní káúńtà báǹkì ní Marina àti Broad Street, àti àwọn tó ń dáhùn ìpè oníbàárà ní Ìkẹjà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára aṣọ iṣẹ́ wọn ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ló fún wọn níwèé, òun ló ń ṣírò owó-oṣù wọn, òun náà ló sì ń yọ owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ètò náà kò lòdì sófin, ó sì lè rọrùn fún ẹni tó bá mọ bó ṣe ń lọ. Ohun tó ń pa àwọn ènìyàn wa lára ni pé iye tó wọ báǹkì nìkan ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í béèrè ibi tí èyí tí wọ́n yọ gbà lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wá ìlà tó dárúkọ agbanisíṣẹ́ yín, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa mú gbogbo ẹ̀sùn lọ. Abala keje Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé láàárín oṣù 3 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ orúkọ rẹ̀, irú iṣẹ́ yín, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún ẹnì kejì kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ má fojú kéré ìkìlọ̀ yìí, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ lójoojúmọ́ lè sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé òun kò nílò yín mọ́. Bí ìwé yín kò bá sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, òfin ní ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ti lò ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5, àti oṣù 1 fún ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé owó-oṣù, tí gbogbo wa ń pè ní payslip, ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ₦150,000 lóṣù, kí a gbà pé owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, èyí tó jẹ́ ₦12,000, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10, ìyẹn ₦15,000, kún un láti inú àpò ara rẹ̀. ₦27,000 ló gbọ́dọ̀ wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ yìí lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí i pé ìdá méjèèjì ni wọ́n yọ lára owó tiyín, ẹ kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀, nítorí agbanisíṣẹ́ ni òfin gbé ìdá 10 náà lé lórí.

Ó ku owó-orí. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ₦144,000, kúrò nínú ₦1,800,000 tí òṣìṣẹ́ wa ń gbà lọ́dún. Bí ó bá ń san ₦600,000 lọ́dún fún ilé ní Agége, ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n tún yọ ìdá 20 owó ilé náà, ìyẹn ₦120,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n lè yọ fún ẹnikẹ́ni lórí owó ilé kò lè ju ₦500,000 lọ. Ó wá ku ₦1,536,000. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, ìdá 15 ni wọ́n sì ń gbà lórí ₦736,000 yòókù, èyí tó jẹ́ ₦110,400 lọ́dún, tàbí ₦9,200 lóṣù. Bí òṣìṣẹ́ yìí kò bá fún ilé-iṣẹ́ alágbàtà ní rìsíìtì owó ilé rẹ̀, ₦10,700 ni wọ́n máa yọ lóṣooṣù, yóò sì pàdánù ₦18,000 lọ́dún. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Àdírẹ́sì ilé yín náà ṣe pàtàkì. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti Mowe tàbí Ìbàfò wá sí Èkó lójoojúmọ́, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló yẹ kí owó rẹ̀ lọ. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san án kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e.

Pé wọ́n kọ iye kan sórí payslip kò fi hàn pé wọ́n ti san án. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn ọjọ́ owó-oṣù láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́, nítorí náà ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àpò ìfẹ̀yìntì yín, tí wọ́n ń pè ní RSA, lórí fóònù lóṣooṣù, kí ẹ sì wo bóyá ₦27,000 ló wọlé tàbí ₦12,000, tàbí bóyá kò sí nǹkankan. Bí ó bá fi oṣù kan pẹ́, ẹ kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ alágbàtà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà. Bí wọn kò bá dáhùn, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá dá owó yìí dúró san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, inú àpò òṣìṣẹ́ gan-an ni ìtanràn náà sì ń wọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ó máa ń dùn mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bá dé ọjọ́ ìnáwó kó tó mọ̀ pé àpò náà ṣófo.

Àwọn tó ń ka owó ní báǹkì máa ń bá ìyọkúrò mìíràn pàdé, bí owó bá dín nígbà tí wọ́n bá ń parí ìṣirò ọjọ́. Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó nítorí àdánù láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ó ṣàìbìkítà, kí ọ̀gá láti ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín lọ.

Bí ẹ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ alágbàtà ní kíkọ láàárín ọjọ́ 14, kì í ṣe fún máníjà ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nìkan. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó-oṣù sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó yín.

Nígbà tí ẹ bá kúrò, ẹ gba ìwé tó sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí. Ìwé yẹn ni ẹ máa lò bí oṣù 4 bá kọjá láìrí iṣẹ́ mìíràn, tí ẹ sì fẹ́ gba ohun tí kò ju ìdá 25 lọ nínú owó ìfẹ̀yìntì yín. Bí ilé-iṣẹ́ alágbàtà tuntun bá gbà yín, nọ́ńbà RSA àtijọ́ náà ni kí ẹ fún wọn.