Dráífà ni mo kọ́kọ́ yàn kí n tó ra káàdì gíráfíìsì

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan kọ̀ǹpútà mi, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n mónítọ̀ kò gbé nǹkan kan jáde. Debian 12, irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀rọ náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tuntun sórí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni. Dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Linux bá káàdì gíráfíìsì sọ̀rọ̀) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì mi kọ fúnra wọn ni mo ń lò, irú èyí tí kì í bá kernel wá. Bí kernel bá ti yí padà, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DKMS ló máa ń tún un kọ́ fún mi. Mo wá ti lọ yọ linux-headers (àwọn fáìlì kernel tí DKMS fi ń kọ́ dráífà) kúrò kí àyè lè gbà mí lórí dísíìkì, bẹ́ẹ̀ DKMS kò lè kọ́ ohunkóhun láìsí i. Dráífà ọ̀fẹ́ tí ì bá gbà á sílẹ̀ ńkọ́? Èmi náà ni mo ti dí i lọ́nà tipẹ́. Àfọwọ́fà gbáà ni, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni wí.

Mo tún un ṣe kí n tó sùn. Àmọ́ ó sú mi pé gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà ni àyà mi gbọ́dọ̀ máa já. Mo ní màá pààrọ̀ káàdì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò ní wo iyára rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìbéèrè tí mo gbé lọ́wọ́ ni pé: níbo ni dráífà rẹ̀ ń gbé, ta ló sì ń tọ́jú rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni dráífà gíráfíìsì pín sí lórí Linux. Apá kan wà nínú kernel, òun ló ń ṣàkóso mẹ́mórì káàdì, iyára rẹ̀ àti mónítọ̀ tó so mọ́ ọn. Apá kejì ló ń sọ OpenGL àti Vulkan (èdè tí géèmù àti ètò mìíràn fi ń béèrè àwòrán) di èdè tí káàdì gbọ́. Bí apá kejì yìí bá wà nínú Mesa (àkójọ dráífà gíráfíìsì ọ̀fẹ́), tí àkọ́kọ́ sì wà nínú kernel gan-an, àwọn tó ń ṣe Debian ló ń kó méjèèjì wá papọ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ tún kọ́ fúnra mi.

Mo wo Intel. Kóòdù dráífà wọn wà ní gbangba, ó sì ti pẹ́ tó ti wà nínú kernel. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì Arc tí wọ́n gbé jáde ní 2022 nílò Resizable BAR (ohun tó ń jẹ́ kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, rí gbogbo mẹ́mórì káàdì lẹ́ẹ̀kan náà) kí wọ́n tó lè sáré bó ṣe yẹ, BIOS ẹ̀rọ mi kò sì ní i. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Nvidia gùn díẹ̀. Nouveau ni dráífà ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ìwádìí ara wọn kọ fún káàdì wọn. Láti orí GTX 900 ni káàdì wọ̀nyí ti ń béèrè firmware (ètò kékeré tí káàdì fúnra rẹ̀ ń lò) tó ní ìbuwọ́lù Nvidia, nítorí náà nouveau kò lè gbé iyára GTX 900 àti GTX 10 sókè. Bí ìgbín ni wọ́n ń rìn. Ní 2022, Nvidia tú kóòdù apá ti kernel síta fún Turing, ìran káàdì wọn kan, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, NVK, dráífà ọ̀fẹ́ fún káàdì Nvidia, sì ti wà nínú Mesa báyìí fún Vulkan. Síbẹ̀, apá kejì dráífà tiwọn, pẹ̀lú CUDA (ohun tí wọ́n fi ń lo káàdì fún ìṣirò ńláńlá), ṣì wà ní títì pa. Bí iṣẹ́ rẹ bá nílò CUDA, má tẹ̀ lé mi, Nvidia ni kí o rà. Èmi kàn ń gé fídíò, mo sì ń gbá géèmù díẹ̀ ni.

Ó ku AMD. Amdgpu, apá ti kernel fún káàdì wọn, ti wà nínú kernel láti 4.2 ní 2015. RADV, dráífà Vulkan rẹ̀ tó wà nínú Mesa, kì í ṣe AMD ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn ará ìta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016. Èyí wù mí ju ohunkóhun lọ, torí ó fi hàn pé bí ilé iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ kò ní dúró. Radeon HD 5000 tó jáde ní 2009 ṣì ń rí dráífà lò títí di òní.

RX 6400 kọ́kọ́ fà mí lójú: wáàtì 53 péré, kò nílò wáyà iná kankan. Àṣé okùn mẹ́rin péré ló ń lò nínú PCIe, ọ̀nà tí káàdì fi so mọ́ ẹ̀rọ, PCIe 3.0 tó lọ́ra sì ni tèmi, kò tún lè fún fídíò pọ̀ (encode) fúnra rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. RX 6600 ni mo rà: 8GB, wáàtì 132, wáyà iná onípínnì 8 kan. Ihò PCIe ń gbé wáàtì 75, wáyà náà ń gbé 150, power supply mi sì gbé e láìṣẹ́wọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún àwọn tuntun jùlọ ni. Kernel 6.1 àti Mesa 22.3 ló wà nínú Debian 12. Káàdì tó bá jáde lẹ́yìn wọn, wọn lè má dá a mọ̀. Ti 2021 ni RX 6600.

Mo yọ dráífà àtijọ́ kúrò pátápátá kí n tó fọwọ́ kan ìdè kankan, mo pa ẹ̀rọ, mo ki káàdì tuntun bọ̀ ọ́. Ó tàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà tóbi gbàǹgbà-gbangba, bí mo bá fa fèrèsé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo tẹ `glxinfo -B`, ó ní llvmpipe. Ìyẹn ni pé CPU ló ń forí ya gbogbo àwòrán, káàdì mi jókòó lásán. `lspci -k` rí káàdì, ṣùgbọ́n kò sí dráífà kankan tó ń lò ó. Inú `dmesg`, àkọsílẹ̀ kernel, ni àṣírí ti tú: fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dimgrey_cavefish, àti àṣìṣe -2, tó túmọ̀ sí pé fáìlì náà kò sí níbẹ̀. (Orúkọ ẹja ni wọ́n fi pe gbogbo ìran káàdì yìí. Mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.)

Firmware ni kò sí. Káàdì mìíràn ló wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí mo fi Debian 11 sí i, kò sì sí ìdí tí ti AMD fi máa wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gòkè sí 12, wọ́n ti kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sí apá kan tó ń jẹ́ non-free-firmware, èmi kò sì fi orúkọ yẹn kún sources.list, fáìlì tó ń sọ ibi tí Debian ti ń gba nǹkan. Mo fi kún un, mo ṣe `apt update`, lẹ́yìn náà `apt install firmware-amd-graphics`, mo tan ẹ̀rọ padà. Gbogbo rẹ̀ tò.

Ẹni tó bá sọ pé ohun gbogbo nínú káàdì AMD ló wà ní gbangba ń tan ara rẹ̀. Firmware yẹn, títì pa ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo tún kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ 4K ní 120Hz: DisplayPort ni kó lò, torí ní 2024, HDMI Forum, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin HDMI, kọ̀ fún AMD láti gbé HDMI 2.1 jáde nínú kóòdù tí gbogbo ayé lè rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kernel mìíràn dé. Mo gbà á, mo tan ẹ̀rọ padà, mo ti ń gé fídíò lọ kí n tó rántí pé ó yẹ kí àyà mi ti já.