Èéfín nínú BBC Micro mi

Model B ni BBC Micro, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo rà ní London níbí, irú èyí tí Acorn ti ìlú Cambridge gbé jáde lọ́dún 1981. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń ṣiṣẹ́, kò sì parọ́. Mo tan án, ó dún, “BASIC”, orúkọ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un, yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ń tẹ nǹkan lọ ni èéfín funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú lápá òsì, níbi tí páwà pákì rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún un, wà. Òórùn yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Mo fa púlọ́ọ̀gì yọ. Ẹlòmíì á ti gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n títí mo fi pa á ni kọ̀ǹpútà náà ṣì ń dáhùn, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí kapasítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́, tó wà níbi tí iná ilé ń gbà wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sẹ́ ariwo inú iná, ìyẹn ìdàrú tó ń bá iná rìn, lọ, ẹ̀rọ lè ṣe láìsí i. Bébà ló wà nínú rẹ̀. Tó bá ti gbó, ara rẹ̀ á sán, ọ̀rinrin á wọlé, á gbóná, á sì bẹ́.

Fíùsì inú púlọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀: ẹnì kan ti ki ámpù 13 sí ibi tó yẹ kí 3 wà!

Mo tú ìdè (síkúrù) mẹ́rin tí wọ́n kọ FIX sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà àwọn tó di páwà pákì mú nísàlẹ̀. Mi ò kánjú fọwọ́ kan inú rẹ̀ o. Kapasítọ̀ ńlá ibẹ̀ lè tọ́jú iná tó ju fóòtì 300 lọ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, ìyẹn sì tó pa èèyàn. Mo fi rẹ̀sístọ̀, ẹ̀yà tó ń dín ìṣàn iná kù, fà á gbẹ, mo tún fi míta wò ó.

Kapasítọ̀ oníbébà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti bẹ́; èkejì ti ń sán wẹ́wẹ́, mo yọ òun náà. Oníke ni mo fi rọ́pò wọn, èyí tí wọ́n kọ X2 sí lára, àmì pé ó wà fún iná ilé, torí kapasítọ̀ lásán kò gbọdọ̀ dé ojú iná ilé.

Irú páwà pákì yìí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ láìsí ohun tó ń fa iná rẹ̀, nítorí náà mo so rẹ̀sístọ̀ oníóòmù 5 mọ́ ọn kí n tó dán an wò. Wáyà pupa sí dúdú: fóòtì 5.04. Wáyà ti òdì, -5. Ti ẹ̀rọ dísìkì, 12. Ká ní èyí àkọ́kọ́ kọjá 5.25 ni, mi ò ní jẹ́ kó débi àwọn ṣíìpù.

Mo dá wáyà padà, mo tan án títí ilẹ̀ fi ṣú, èéfín ò jáde mọ́. Àwọn lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù tí kò dáhùn ló kù tí mo ń bá fà á báyìí.