Ẹ Má Kọ́kọ́ Pe Ìpàdé Ẹbí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Wọ́n Bá Fipá Bá Ẹni Lò Pọ̀

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú Òṣogbo ni kí n máa ran àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ àti àwọn tí ọkọ ń lù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tó fẹ́ràn ẹni náà jù ti máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń dùn mí wọra.

1. Ẹ má ní kó lọ wẹ̀. Àwọn ìyá wa á ti gbé omi kaná, wọ́n á ti fọ aṣọ, wọ́n á ti sá a. Ẹ̀rí tí dókítà ì bá rí ti bómi lọ nìyẹn. Àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rinrin inú ọ̀rá ń ba ẹ̀rí jẹ́. Bó bá sì ti wẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ sọ́sibítù.

2. Ẹ má fi àgbo fi àkókò ṣòfò. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ó sì sàn kó tètè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, àmọ́ bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Ẹ gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, tàbí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ yín.

3. Ẹ má bi í pé, “Kí lo lọ wá níbẹ̀?”

4. Ìpàdé ẹbí. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ. Mo bá wọn jókòó síbi ọ̀kan rí lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ọkọ ti fún ìyàwó lọ́rùn, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Àwọn àgbà ti Ìkìrun àti Ẹdẹ wá, wọ́n fún wọn lówó ọkọ̀, wọ́n ra mínírà, wọ́n ra obì. Bàbá kan ní ọkọ kì í fipá gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òmíràn ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há, kò lè gbé itọ́ mì, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè dà bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é, kí ọ̀fun rẹ̀ wú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kó sì kú. Èmi àti àǹtí rẹ̀ la gbé e lọ sọ́sibítù, a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú obì wọn. Owó ọkọ̀ àwọn àgbà yẹn ì bá ti san owó káàdì àti oògùn rẹ̀.

Bí ẹ bá sì mú un jókòó níwájú ẹni tó ṣe é níbi, kò ní lè sọ òtítọ́. Ó mọ̀ pé ilé kan náà làwọn méjèèjì ń padà sí.

Òtítọ́ ni pé Criminal Code àtijọ́, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, yọ ọkọ sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn pé ó fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀. Àmọ́ òfin VAPP, tó ń dènà híhu ìwà ipá sí èèyàn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 kò yọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá lu ẹnì kejì rẹ̀, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Àbújá ni òfin àpapọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tirẹ̀, nítorí náà ẹ bá FIDA (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà) tàbí Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà) sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí “a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́” pa yín lẹ́nu mọ́.

Owó ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá gbowó láti bo irú ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀ lè di ẹlẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Wọ́n máa ń fipá bá ọkùnrin pẹ̀lú lò pọ̀. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì fagbára mú obìnrin tí ọkọ ń lù jáde nílé ọkọ. Àsìkò tí obìnrin bá fẹ́ kúrò ló léwu jù. Ẹ bá a wá ibi tí yóò sùn àti owó ọkọ̀, kí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán, kí òun fúnra rẹ̀ sì yan ọjọ́. Fọ́tò ọgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ yà, dókítà, lọ́yà àti ọlọ́pàá nìkan ni kí ẹ fi hàn, bí òun bá gbà. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp.