Oògùn Ìsanra: Ẹ Má Gbé E Mì, Ẹ Má sì Fi Í Sílẹ̀ Lójijì

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ alágbàdo wa ní Gwagwalada dákú sórí ebè, ọjọ́ kẹrin tó fi oògùn ìsanra sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ní kí n kọ ìwé yìí. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń jẹun. Dexamethasone nìkan ni mo bá wá, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní dẹ́sà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì.

Ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù lásán. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ló ń ṣe họ́mọ̀nù leptin, tí wọ́n rí jíìnì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ṣe é, ní New York lọ́dún 1994. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Béèyàn bá gbààwẹ̀, jíìnì náà á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹun, ínsúlínì á gbé e sókè. Bí dẹ́sà bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó gbà á níbẹ̀ á gbé e dé ibi tí jíìnì wà, dẹ́sà náà á tún gbé ohùn jíìnì yẹn sókè sí i. Ṣé kò wá yẹ kí ebi dín kù ni? Kò dín kù. Dẹ́sà kan náà ń ti ọpọlọ sí oúnjẹ, ó ń kó ọ̀rá jọ sójú àti ikùn, ó ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń jẹ iṣan itan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún yẹn kì í ṣe àlàáfíà o.

Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 0.5. Mẹ́ta lóòjọ́ jẹ́ 1.5, agbára rẹ̀ sì tó mílígíráàmù 40 hydrocortisone, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí ara ń ṣe kì í sábà ju 20 lọ lóòjọ́. Ara á bá jókòó tẹtẹrẹ, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣì í nìyí, mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi: ẹ ó lò ó fóṣù méjì nítorí ìgbéyàwó, ọjọ́ kejì ìnáwó ẹ ó jù ú nù. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó mú páálí rẹ̀ lọ sọ́sibítù, kí dókítà máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí èébì bá dé, tí ojú ń ṣú, tí ara ò lè dìde, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ẹ fi téèpù télọ̀ yí ikùn ká, láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti orí egungun ìdí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mí síta. Obìnrin tó tó sẹ̀ǹtímítà 80, ọkùnrin tó tó 94, kó lọ yẹ ṣúgà wò.

Ẹni tó tinrín, ẹ̀pà gíráàmù 50 lóòjọ́ á fún un ní bíi kálórì 280. Ẹ̀pà yẹn náà lẹ̀ ń tà kẹ́ ẹ lè rówó ra dẹ́sà. Ẹ ṣà á kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Èyí tó bu, ẹ dà á nù.