Ẹ̀yin tí ẹ ń ya èèyàn, ẹ yé fi kánfáàsì ṣòfò

Láti ìgbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ lọ́dún 1962 ni ayàwòrán kò ti wọ́n ní Òṣogbo. Kánfáàsì ló wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì á ra èyí tó ga jù ú lọ, á ní òun fẹ́ fi ẹni tí a jẹ́ hàn, àti bí a ṣe ń bára wa gbé, àti bí ìlú ṣe ń yí padà. Tó bá fi máa tó oṣù kan, ó ti kọjú ẹ̀ sí ògiri. Àwọn àṣìṣe tó ń fà á nìyí.

1. Nínà kánfáàsì láti igun. Àárín igi férémù kọ̀ọ̀kan lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, igun ló ń gbẹ̀yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á hunjọ. Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà 220 rọra ha á. Ọ̀dà ògiri olówó pọ́ọ́kú kọ́ nìyẹn o: ẹfun ló pọ̀ nínú ẹ̀, bí ẹ bá ká kánfáàsì, á sán.

2. Acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi pò, lórí ọ̀dà olóròóró: á bó.

3. Ọ̀dà dúdú fún awọ dúdú. Ṣé èédú lẹ̀ ń yà ni? Ẹ po burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú díẹ̀) mọ́ ultramarine (búlúù). Ní ìta gbangba, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bá bà lé níwájú orí máa ń fara jọ búlúù. Lábẹ́ àtùpà, á pọ́n.

4. Fóònù. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Kámẹ́rà iwájú ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yí ọ̀tún sí òsì. Ẹni tó bá da fọ́tò ẹ̀ kọ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì á ya ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì gbé àwo oúnjẹ fún bàbá ẹ̀. Òun ní ìfẹ́ bàbá sọ́mọ lòun yà. Ẹni tó dúró wò ó, ọmọ tí wọn ò kọ́ ló rí. Kí pẹ́ńsù tó kan kánfáàsì, ẹ wo lẹ́tà tó bá wà nínú fọ́tò bóyá ó yí sẹ́yìn, ẹ wo ọwọ́ tó di nǹkan mú, ẹ bi ẹni tí ẹ̀ ń yà pé èwo ló fi ń jẹun. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ òsì, torí ẹ fẹ́ sọ pé ayé ti yí, ẹ jẹ́ kí ibòmíràn jẹ́rìí sí i: kí ọwọ́ bàbá ṣì wà lórí itan ẹ̀, kó má tíì nawọ́ gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe ni wọ́n máa pè é.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kò tíì tán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yà máa ń kì í bọ àpò. Láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín gùn tó àgbọ̀n dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tiyín wọ̀n ọ́n. Ìyá tó ń dirun fọ́mọ, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín síra wọn. Ẹ ya orúnkún ìyá tó ká èjìká ọmọ mọ́, ìka méjì tó ń fa irun, àti èjìká kan tó gbéra torí ó ń dun ọmọ.

Ilà ojú, ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà, nọ́ńbà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Pélé ni ìlà kúkúrú mẹ́ta tó dúró lóòró lẹ́rẹ̀kẹ́. Àbàjà sùn níbùú, mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọbìnrin ogún ọdún tó ń tẹ fóònù, ta ló kọ ilà gọ̀ǹbọ́ fún un?

Orí ńlá bíi ti ère tàbí orí gidi, ẹ mú ọ̀kan. Orí ère Yorùbá máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, torí orí ni olórí. Lára èèyàn gidi, ara gùn tó orí méje àti díẹ̀. Ẹ má ṣe ìdajì-ìdajì.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọlọ́pàá, bẹntiróòlù, máàpù Áfíríkà, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ àti omijé sójú kánfáàsì kan: ẹ mú ẹyọ kan. Odò Ọ̀ṣun ti pọ́n látàrí ìwakùsà wúrà lókè odò, síbẹ̀ búlúù lẹ ṣì ń yà á. Ẹ ya obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń fi igbá bu omi náà, kó ta sí ìṣẹ́tí ìró ẹ̀. Àwọ̀ omi náà: yellow ochre, burnt sienna díẹ̀, funfun díẹ̀. Ẹ dán an wò lórí àjákù kánfáàsì kí ẹ tó fi kan aṣọ náà.