Bí A Ṣe Ń Gba Ohùn Ẹyẹ Sílẹ̀ Létí Irà ní Ìdájí

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti lọ wo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn ni, ẹ kí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ àti àwọn apẹja, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wá ṣe. Ẹni tó bá rí yín tẹ́ ẹ lúgọ sínú esùsú lóru, ṣé ẹyẹ ló máa rò pé ẹ̀ ń wá? Ibi tí ilẹ̀ ti le ni kí ẹ dúró sí. Ibi tí òjú oró bò lè jọ ilẹ̀, omi ni.

Kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, kí ẹ ti débẹ̀. Àwọn ẹyẹ kì í dúró de oòrùn.

Rìkọ́dà kékeré ló dára jù, ṣùgbọ́n fóònù náà á ṣe é bí áàpù rẹ̀ bá ń fi ohùn pamọ́ ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀. Nínú ètò rẹ̀, ẹ gbé bó ṣe ń gba ohùn sí 48 kHz, 24-bit. Ẹ má fi WhatsApp gbà á o. Ṣe ló máa ń fún ohùn pọ̀, ohùn tín-ín-rín á sì bá a lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé: atẹ́gùn àti ọwọ́. Atẹ́gùn tí ẹ kò tiẹ̀ mọ̀ lára, bó bá ti kan ojú máìkì, gbùùgbùù lẹ ó máa gbọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní mú díẹ̀ lára ohùn ẹyẹ lọ. Fóòmù tó bá máìkì wá kò tó. Aṣọ onírun ni kí ẹ fi bò ó. Èyí tí wọ́n ń tà wọ́n. Ara ọmọlangidi onírun tó wà ní òkìríkà ni mo ti ń gé tèmi.

Ọwọ́ wá burú ju atẹ́gùn lọ. Àwọn ènìyàn á na fóònù sí ẹyẹ bíi pé wọ́n fẹ́ fún un jẹ. Bí ìka bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń dún nínú ohùn. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá tó ga dé àyà, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sáàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ogún ìṣísẹ̀, ó kéré tán. Ẹ má dúró tì í máa fa imú. Ẹ má wọ kóòtù òjò oníláílọ́ọ̀nù. Ilé ni kí ẹ ti fi oògùn ẹ̀fọn para, torí mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀gà tó dùn gan-an tí ìgbátí ẹ̀fọn, pàà! gé sí méjì.

Ẹ pa ètò tó ń dá gbé ohùn sókè. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, kọ̀ǹkọ̀ ló máa gbé sókè fún yín. Ẹ fọwọ́ ṣètò rẹ̀ kí ohùn tó ròkè jù má kọjá -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn tó ń hàn lójú rẹ̀. Bí bọ́tìnì tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ bá wà, ẹ fi í sí 80 Hz nítorí jẹnẹrétọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohùn ẹlúùlú wà nísàlẹ̀, ó sì dára ká gbọ́ ọ délẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á tán, kí ẹ tó pa á, ẹ sọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà àti irú ẹyẹ tó jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó bà sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti lé ẹyẹ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í sórí xeno-canto, ibi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń kó ohùn ẹyẹ jọ láti 2005, ẹ má bá a nu ariwo rárá. Ẹ kàn gé ìró ẹsẹ̀ yín kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ẹ fi í ránṣẹ́.